Bí alágbàṣe oko nílẹ̀ àjèjì ṣe lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láìgbé oògùn apakòkòrò wọlé

Ọ̀pọ̀ alágbàṣe tó ń ṣiṣẹ́ oko nílẹ̀ àjèjì ló gbà pé àwọn ń ṣọ́ra. Wọ́n ń fi aṣọ dí imú, wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́, wọn kì í sì í dúró sítòsí ẹ̀rọ tó ń fín oògùn. Síbẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, orí á máa fọ́ wọn, èébì á máa gbé wọn, ojú á máa ta wọ́n. Tó bá yá, ọmọ tí kò dé oko rí á bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Ibi tí ìṣọ́ra yẹn ti já ni pé imú ni wọ́n ń ṣọ́, bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń já èso, tó ń tu koríko tàbí tó ń ká ewébẹ̀, awọ ara gan-an ni ẹnu ọ̀nà ńlá tí oògùn ń gbà wọlé. Oògùn tí wọ́n fín lánàá ti gbẹ sára ewé. Kò rùn mọ́, ojú kò rí i, ọwọ́ àti apá lèèyàn sì fi ń kó o láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Oòrùn ló tún ń dá kún un. Tí ooru bá ti mú, èèyàn á ká apá aṣọ sókè, á ki ìbọ̀wọ́ bọ àpò, á tú bọ́tìnì àyà. Ara tó gbóná, tó ń làágùn, tètè ń gba oògùn wọlé ju ara tó tutù lọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá dojú kọ oògùn nìkan, oòrùn ni yóò bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá sì dojú kọ oòrùn nìkan, ìhòòhò ni oògùn yóò bá a.

Ẹni tó ń wọ oko tí àwọn mìíràn ti fín oògùn sí ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń já èso, tẹ́ ẹ̀ ń gé ìrèké, tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ọ̀rá tí wọ́n ti ń gbin tòmátì. Ẹni tó ń po oògùn tàbí tó ń fín in fúnra rẹ̀ nílò ju èyí lọ. Ó gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìbòmú tí fílítà rẹ̀ bá irú oògùn náà mu.

Ohun tí ẹ ó ní nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

- Aṣọ iṣẹ́ méjì ó kéré tán, alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn, èyí tó hun mọ́ra ṣùgbọ́n tí kò wúwo. Ẹ má fi wọ́n ṣe nǹkan mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ oko.
- Ìbọ̀wọ́ irú ròbà tí wọ́n ń pè ní nitrile. Ẹ yẹra fún ti awọ àti èyí tó ní òwú nínú, nítorí ohun tí wọ́n bá ti fà mu kì í jáde mọ́.
- Bàtà ròbà tó gùn kọjá ọrùn ẹsẹ̀ dáadáa.
- Fìlà elétí gbòòrò, ti ròbà tàbí ti aṣọ, tó ṣeé fọ̀.
- Omi mímu, àti kẹ́ẹ̀gì omi mìíràn lọ́tọ̀ fún ìfọwọ́, pẹ̀lú ọṣẹ àti bébà ìnuwọ́.
- Àpò ọ̀rá ńlá méjì, aṣọ mímọ́, àti bàtà tí kò dé oko rí.
- Iyọ̀, ṣúgà àti síbí kékeré.
- Ìwé kékeré kan, bírò, àti fóònù tó lè ya fọ́tò.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ló ní kí agbanisíṣẹ́ pèsè ìbọ̀wọ́, omi àti ibi ìfọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti pé ẹ̀ ń dúró dè é wọ oko lọ́wọ́ lásán.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ jẹ́ kí ara mọ oòrùn kí ẹ tó máa lé owó

Àṣìṣe tó ń pa èèyàn níbí ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ pé, "Ibi tó gbóná la ti wá, oòrùn wọn ò lè rí wa gbé ṣe." Ara kì í rántí ìlú. Ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń rántí. Ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì wà nínú ọkọ̀ àti nínú yàrá, tó ń dúró de ìwé, ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ooru. Nínú àwọn tí ooru ń pa lẹ́nu iṣẹ́ ìta gbangba, ọ̀pọ̀ ló ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

NIOSH, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìlera òṣìṣẹ́, ní ìlànà kan tó rọrùn láti há sórí. Ẹni tó jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ lò ju ìdá 20 nínú 100 àkókò iṣẹ́ lọ nínú ooru lọ́jọ́ kìíní, kó sì máa fi ìdá 20 kún un lójoojúmọ́. Tí iṣẹ́ bá jẹ́ wákàtí 8, ọjọ́ kìíní yóò jẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀, ọjọ́ kejì wákàtí 3, ọjọ́ kẹta bíi wákàtí 5, ọjọ́ kẹrin wákàtí 6 àti ààbọ̀. Ọjọ́ karùn-ún ni yóò ṣe é pé. Ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà nínú ooru rí, tó kàn sinmi díẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 50, kó bọ́ sí 60, 80, kó tó di 100.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló máa gbà bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀gá bá kọ̀, ẹ ní kó fi yín sí ibi ìdìpọ̀ èso tàbí abẹ́ ìbòòji fún wákàtí yòókù. Tí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ gba ìsinmi ráńpẹ́ léraléra lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ tó le jù ní òwúrọ̀ kùtù. Ibi tó ti ń nira jù ni ibi tí wọ́n ti ń sanwó agbọ̀n, tó jẹ́ pé iye agbọ̀n tí èèyàn bá kún ni owó rẹ̀. Owó agbọ̀n máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé ìṣẹ́jú tó fi mu omi, owó ló fi ṣòfò. Ẹ pinnu ṣáájú pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ èrè. Ẹni tó bá ṣubú lọ́jọ́ kẹta kò ní kún agbọ̀n kankan lọ́jọ́ kẹrin.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́:* láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ óò kíyè sí i pé ẹ̀ ń tètè làágùn ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, ọkàn yín kò sì ní máa sáré tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́ kan náà. Tí orí bá ṣì ń fọ́ yín lójoojúmọ́, ẹ ti sáré jù. Ẹ padà sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta kí ẹsẹ̀ tó wọ oko

Ìbéèrè náà nìyí: Oògùn wo ni wọ́n fín síbí? Ìgbà wo ni wọ́n fín in tán? Wákàtí mélòó ni oògùn náà ní kí èèyàn dúró kó tó wọlé?

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta wà lára ike oògùn fúnra rẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti oògùn dé oògùn. Òmíràn ní kí wọ́n dúró wákàtí 4, òmíràn 12, òmíràn 24 tàbí 48, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n parí fífín ni wọ́n ti ń kà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka wákàtí yìí láti ìgbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi wákàtí bíi mélòó kan ṣáájú àkókò wọ inú oògùn tútù.

Ẹ má gba ìdáhùn méjì yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: "Ó ti gbẹ" àti "Kò rùn mọ́." Ìkankan nínú méjèèjì kò sọ fún yín pé oògùn ti kúrò. Nínú ilé ọ̀rá, ó tún burú jù, nítorí atẹ́gùn tí yóò gbé e lọ kò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i dáadáa kí ẹ tó wọlé.

Tí èdè bá jẹ́ ìdínà, ẹ ní kí ẹni tó gbọ́ èdè ibẹ̀ kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé kékeré yín, kí ẹ máa fi hàn ọ̀gá oko láràárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ láti ka ohun díẹ̀ lára ike. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tó lágbára jù máa ń jẹ́ DANGER nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, PELIGRO ní Sípéènì, PERICOLO ní Ítálì. Agbárí òkú àti egungun méjì nínú àmì onígun mẹ́rin tí etí rẹ̀ pupa túmọ̀ sí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa èèyàn. Àwòrán èèyàn tí nǹkan bí ìràwọ̀ fọ́n ká sí láyà túmọ̀ sí àìsàn tó ń pẹ́ kó tó jáde, bíi jẹjẹrẹ, tàbí ohun tó ń ba oyún jẹ́. Aláboyún tó bá rí àwòrán yẹn, kó béèrè iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an.

Lóko Amẹ́ríkà, àmì tí wọ́n ń gbé sí ẹnu oko tí wọ́n fín oògùn sí ní àwòrán ọkùnrin kan tó gbé ọwọ́ sókè, tó le ojú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ KEEP OUT àti NO ENTRE. Tí àmì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má wọlé, kódà bí ọ̀gá bá ní wọ́n gbàgbé láti yọ ọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó yọ ọ́ fúnra rẹ̀ ná.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì gan-an: orúkọ gàdàgbà iwájú ike, orúkọ ọjà ni. Èyí tí dókítà nílò ni orúkọ kẹ́míkà inú rẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ ní lẹ́tà kéékèèké. Ẹ wá a níbi tí wọ́n bá kọ active ingredient sí, tàbí materia activa ní Sípéènì, sostanza attiva ní Ítálì, substance active ní Faransé. Irú orúkọ tí ẹ óò rí níbẹ̀ ni malathion, mancozeb, glyphosate. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Tí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ sún mọ́ ike, ẹ bẹ ẹni tó fín oògùn kó bá yín yà á.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sóko, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́: orúkọ oògùn, ìgbà tí wọ́n parí, wákàtí tó kù. Tí ẹ kò bá lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kò tíì ṣe ìgbésẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ múra kí oògùn má rí àlàfo

Ẹ kọ́kọ́ dán ìbọ̀wọ́ wò. Ẹ bu omi kún un, ẹ fún un díẹ̀. Tí omi bá rọ̀ jáde níbi ìka, ẹ sọ ọ́ nù. Ìbọ̀wọ́ tó jò burú ju ọwọ́ lásán lọ, nítorí ó ń sé oògùn mọ́ ara, ooru á sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣe é sódì ni etí apá aṣọ. Tí iṣẹ́ bá wà nísàlẹ̀, bíi kí ẹ máa ká ewébẹ̀ tàbí sitirọ́bẹ́rì, etí apá aṣọ ni kó bo ìbọ̀wọ́, kí omi ewé má ṣàn wọ inú rẹ̀. Tí ọwọ́ yín bá ń wà lókè, bíi kí ẹ máa já èso lórí igi, ìbọ̀wọ́ ni kó bo etí apá aṣọ. Ti ẹsẹ̀ kò ní àríyànjiyàn: ẹsẹ̀ ṣòkòtò máa ń wà níta bàtà nígbà gbogbo, kì í wọnú rẹ̀.

Aṣọ tí ìrì tàbí omi ewé bá ti rin gbingbin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn tó ń já ewé tábà ní ìṣòro tiwọn lórí èyí. Nicotine inú ewé tútù máa ń gba awọ ara wọlé, á sì máa fa òòyì, èébì àti inú rírun, bí ẹni pé èèyàn mu sìgá láìmọye. Kì í ṣe oògùn ló fà á, ewé náà ni. Kí wọ́n jẹ́ kí ìrì gbẹ, tàbí kí wọ́n wọ aṣọ òjò, kí wọ́n sì pààrọ̀ aṣọ tó bá ti tutù.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbé apá méjèèjì sókè, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ yí ọrùn. Tí awọ ara bá yọ níbi ọrùn ọwọ́, ẹ̀yìn ìbàdí tàbí ojúgun, ibẹ̀ ni oògùn máa gbà.

Ìgbésẹ̀ 4: Omi, ọwọ́, àti ohun tó ń wọ ẹnu

Ẹ mu ife omi kan, nǹkan bíi mílílítà 240, ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 síra. Ẹ má dúró de òùngbẹ, nítorí ara ti jìyà kí òùngbẹ tó dé. Ẹ má sì fi ẹ̀rù mu ún lámujù: ẹni tó bá ń mu ju lítà kan àti ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan lè fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù, ìyẹn náà sì léwu. Tí ẹ bá ti làágùn gidi fún ju wákàtí 2 lọ, omi lásán kò tó mọ́. Ẹ po síbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì síbí tíì iyọ̀, kí orí síbí tẹ́jú, sínú lítà kan omi mímọ́, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí dókítà ti ní kó ṣọ́ iyọ̀ tàbí ṣúgà, kó kọ́kọ́ bi í.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ omi báyìí? Láwọn oko ìrèké El Salvador àti Nicaragua, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ni kíndìnrín wọn ń kú. Iṣẹ́ àṣekára nínú ooru láìsí omi tó pọ̀ tó wà nínú ohun tí àwọn olùwádìí ń tọ́ka sí jù lọ. Kì í sì í fara hàn lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ sáà ló fi ń kó o jọ. Nítorí náà, tí ara bá ń ro yín lẹ́yìn iṣẹ́ nínú ooru, ẹ má sáré gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì. Kíndìnrín tí omi kò dé ni irú egbòogi bẹ́ẹ̀ tètè ń bà jẹ́.

Àwọn obìnrin kan máa ń fi omi du ara wọn nítorí pé kò sí ilé ìyàgbẹ́ nítòsí. Mo mọ ìtìjú tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn ọ̀nà ìtọ̀ àti ti kíndìnrín ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ béèrè ilé ìyàgbẹ́ pa pọ̀. Ohùn mẹ́wàá ṣòro láti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ohùn kan lọ.

Wàyí o, ti ọwọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé kí èèyàn fọwọ́ kó tó jẹun. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó yẹ kí ẹ fọwọ́ *kí* ẹ tó lọ tọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nìkan. Awọ tó bo kórópọ̀n ọkùnrin ń gba oògùn wọlé ní ìlọ́po tó ju 10 lọ ju awọ apá lọ. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ oko di ara rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ti fi oògùn sí ibi tó rọrùn fún un jù láti wọlé. Ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó mu sìgá, kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú, kí ẹ tó gbé fóònù sétí.

Ẹ má mu omi tó ń ṣàn nínú ọ̀pá tí wọ́n fi ń bomi rin oko, ẹ má sì fi wẹ ojú. Wọ́n máa ń po ajílẹ̀ àti oògùn pọ̀ mọ́ irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì mu ohunkóhun látinú ìgò ohun mímu tí ẹ bá rí lóko. Àwọn kan máa ń tú oògùn sínú ìgò mínírà. Ti paraquat, oògùn apakoríko kan, ló burú jù: ìwọ̀nba ẹnu kan rẹ̀ lè pa èèyàn, kò sì sí oògùn tó ń pa agbára rẹ̀. Wọn kò gbà á láyè mọ́ láwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti ọdún 2007, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń lò ó láwọn ilẹ̀ mìíràn, títí kan Amẹ́ríkà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wo ìtọ̀ yín lọ́sàn-án. Tó bá mọ́ tàbí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó dára. Tó bá pọ́n bí àwọ̀ tíì, omi kò tó. Tí ẹ kò bá tọ̀ rárá láti àárọ̀, ẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ bọ́ sábẹ́ ìbòòji.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi oko sílẹ̀ lóko

Ibí gan-an ni oògùn ti ń wọlé tọ ọmọ. Baba á dé, ọmọ á sáré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹnu ọmọ á kan ṣòkòtò. Ọmọ tó ń rákò á máa rákò lórí ibi tí bàtà oko gbà kọjá, á sì máa fọwọ́ sẹ́nu. Ara ọmọdé kéré. Ohun tí kò lè ṣe àgbà ní nǹkan lè ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ tó bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ bàtà àti aṣọ iṣẹ́ kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Tí kò bá sí ibi ìpààrọ̀ aṣọ, ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí àga ọkọ̀, kí ẹ sì bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé. Aṣọ á wọ inú àpò ọ̀rá, bàtà á wọ inú òmíràn. Ẹ wẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ fọ irun àti abẹ́ èékánná. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ gbé ọmọ.

Tó bá jẹ́ pé inú àgọ́ òṣìṣẹ́ lẹ̀ ń gbé, tí èèyàn mẹ́fà ń sùn ní yàrá kan, ìṣọ́ra ẹnì kan kò lè dá nǹkan kan ṣe. Ẹ jọ fi ẹnu kò: bàtà oko kò gbọdọ̀ wọlé, aṣọ oko kò gbọdọ̀ kan bẹ́ẹ̀dì. Tí àgọ́ bá wà létí oko, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fín oògùn, kí ẹ ti fèrèsé, kí ẹ ká aṣọ tí ẹ sá kúrò níta, kí ẹ sì kó ohun ìṣeré ọmọ wọlé.

Ike oògùn tó ti tán kì í di ike omi láéláé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi bébà funfun tó tutù nu ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà yín. Tí erùpẹ̀ oko bá wà lára rẹ̀, bàtà kan ṣì ń wọlé. Ẹ ṣe ìwádìí ẹni tó ni ín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìfọṣọ

Ẹ má pò ó mọ́ aṣọ ilé. Ẹ fi omi ṣan án níta ná, kí ẹ tó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ tó lágbára fọ ọ́, aṣọ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí omi lè ráyè wọ gbogbo rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ lẹ̀ ń lò, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan láìsí aṣọ nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, kí oògùn má lọ sára aṣọ ọmọ. Ẹ sá aṣọ sínú oòrùn. Oòrùn á bá yín pa díẹ̀ nínú ohun tó kù. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́, kó wọ ìbọ̀wọ́.

Aṣọ tí ògidì oògùn tí wọn kò tíì là bá dà sí, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ dì í, ẹ sọ ọ́ nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàtà awọ àti bẹ́líìtì awọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Tí ẹnì kan bá ṣubú, ṣé oòrùn ni àbí oògùn?

Àwọn méjèèjì jọra: orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni omi ara. Ẹni tí ooru mú, ẹnu rẹ̀ sábà máa ń gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń sáré. Ẹni tí oògùn apakòkòrò irú organophosphate tàbí carbamate mú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú àti imú rẹ̀ ń ṣomi, ó lè máa yàgbẹ́ gbuuru, ẹran ara rẹ̀ ń fò pìpì, ọmọlójú rẹ̀ sì máa ń súnkì bí orí abẹ́rẹ́.

Tí ẹ kò bá lè dá wọn mọ̀, ẹ má jókòó máa jiyàn. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe jọ ara wọn:

1. Ẹ gbé e kúrò nínú oko, síbi tí ìbòòji àti atẹ́gùn wà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.
2. Ẹ bọ́ aṣọ oko kúrò lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa á.
3. Ẹ da omi tútù púpọ̀ lé e lára, pẹ̀lú ọṣẹ. Ní ti oògùn, ẹ máa fọ ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Tó bá wọ ojú, ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn lórí ojú náà jẹ́ẹ́jẹ́ fún iye ìṣẹ́jú kan náà.
4. Kí ẹnìkejì pe ìrànwọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ: 112 nílẹ̀ Yúróòpù, 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Tó bá ń sọ ìsọkúsọ, tí kò mọ ibi tó wà, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ooru ti dé ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Ooru ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń tó ìwọ̀n 40 Celsius tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè ṣì máa làágùn. Ẹ má dúró de ọkọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi yìnyín títí dé ọrùn tí ẹ bá rí i, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú sókè, tàbí kí ẹ máa da omi sí i, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi yìnyín sí ọrùn, abíyá àti ibi tí itan rẹ̀ ti so mọ́ ikùn. Ẹ mú kí ara rẹ̀ tutù ná, kí wọ́n tó gbé e lọ.

Èyí tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀: ẹ má fún ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ ní omi mu. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí ẹni tó gbé oògùn mì lẹ́nu, ẹ má sì fi ọwọ́ ru ú lọ́fun kó bì, àfi tí onímọ̀ nípa májèlé bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn tó sun ún lọ́fun nígbà tó ń wọlé máa tún sun ún nígbà tó bá ń jáde, ó sì lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

*Àyẹ̀wò:* ṣé ẹ ti fi fọ́tò ike oògùn ránṣẹ́ tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn? Egbòogi tí wọ́n ń pè ní atropine wà fún ẹni tí organophosphate mú, ṣùgbọ́n dókítà kò lè mọ ohun tó yẹ tí kò bá mọ ohun tó wọlé.

Ìgbésẹ̀ 8: Dókítà, ìwé, àti ẹ̀rù ìwé ìgbélùú

Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá mọ̀ pé oògùn organophosphate wà lóko tí ẹ̀ ń lọ, ẹ bi dókítà bóyá ó lè yẹ cholinesterase inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, ìyẹn èròjà ara tí irú oògùn yìí máa ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó dára jù tó bá ti tó oṣù kan tí ẹ ti fọwọ́ kan irú oògùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, nítorí náà àyẹ̀wò ẹyọ kan lẹ́yìn àìsàn kì í sábà sọ púpọ̀. Ti ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn, tí a bá gbé wọn síra, ló ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá tàbí aṣojú rẹ̀ jẹ́ ògbufọ̀ yín níwájú dókítà. Mo sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Ẹni tó ń sanwó fún yín kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó ń túmọ̀ àìsàn tí iṣẹ́ rẹ̀ fà. Ẹ ní kí ilé ìwòsàn wá ògbufọ̀ tiwọn. Ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ náà tààrà pé, "Oko ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n fín oògùn sí i." Ọ̀pọ̀ dókítà kì í béèrè, wọ́n á kàn pè é ní ibà tàbí inú rírun.

Àdéhùn 184 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe lọ́dún 2001 lórí ààbò iṣẹ́ oko sọ pé òṣìṣẹ́ lè yẹra fún ewu ńlá tó ti sún mọ́ tòsí, tó bá ní ìdí tó dájú tó sì tètè sọ fún ọ̀gá, wọn kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i nìkan ló dè, nítorí náà, ẹ bi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn àjòjì lọ́wọ́ bóyá ti ibi tí ẹ wà fọwọ́ sí i, àti ohun tí òfin ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú náà, kó bi wọ́n ohun tó tọ́ sí i kó tó gbà pé kò ní ẹ̀tọ́ kankan.

Nínú ìwé kékeré yín, ẹ máa kọ ọjọ́, oko, orúkọ oògùn, wákàtí tí ẹ ṣe nínú ooru, àti ohun tí ara yín sọ. Ìlà méjì lálẹ́ tó.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fún ẹnì kan nínú yàrá yín ní ìwé náà. Kó wá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ọjọ́rú tó kọjá nínú rẹ̀, kó sì fi fọ́tò ike oògùn ọjọ́ náà hàn yín lórí fóònù. Tó bá rí méjèèjì láìbi yín ní ìbéèrè, ó máa lè sọ̀rọ̀ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀.